Ọ̀nà Kan Ṣoṣo Tí Ẹja Ní: Wíwá Ìdínà Inú Odò àti Mímọ Èyí Tó Yẹ Ká Kọ́kọ́ Ṣí

Àwa Yorùbá máa ń sọ pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Òótọ́ ni, fún èèyàn. Bí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn bá dí, awakọ̀ á yí orí ọkọ̀ sí ọ̀nà Abẹ́òkúta. Ẹja inú odò kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló ní, ibi tí wọ́n bá sì ti dí i, ibẹ̀ ni ìrìn àjò rẹ̀ parí sí.

Iṣẹ́ tí ẹ rán mi lónìí ni kí n sọ bí a ṣe ń mọ ohun tó dínà fún ẹja nínú àwọn odò kéékèèké, àti bí a ṣe ń mọ èyí tó yẹ ká kọ́kọ́ ṣí nígbà tí owó kò tó gbogbo rẹ̀. Owó kò sì ní í tó gbogbo rẹ̀ láéláé. Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi dì mú: kò sí ìdínà tí a lè dá yẹ̀ wò lóun nìkan. Èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ àti èyí tó wà lókè rẹ̀ ló ń sọ bóyá owó tí a fẹ́ ná lé e lórí máa so èso. Ìpínlẹ̀ Washington, ní àríwá ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà, ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, tí ìjọba sì ń san owó rẹ̀ títí di òní.

Ẹja tó dá ìjà ibẹ̀ sílẹ̀ ni sámọ́nì. Oríṣi márùn-ún rẹ̀ ló wà ní etíkun yẹn; ẹ jẹ́ ká mú ọ̀kan, èyí tí wọ́n ń pè ní coho. Inú òkúta wẹ́wẹ́ odò kékeré ni ìyá rẹ̀ ń gbẹ́ ihò sí láti yé ẹyin. Ọmọ tó bá pa á lo bí ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú omi tí kò níyọ̀ kó tó bá odò wá sí òkun. Lókun ló ti ń jẹun, tó ń sanra, fún nǹkan bí ọdún kan ààbọ̀. Tó bá di bí ọmọ ọdún mẹ́ta, á padà wá odò tí wọ́n ti bí i, imú ni á sì fi wá a, torí òórùn omi náà kò kúrò níyè rẹ̀. Á yé ẹyin, á sì kú. Òkú rẹ̀ á di oúnjẹ fún béárì, fún ẹyẹ, àti fún àwọn kòkòrò omi tí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò jẹ lọ́la.

Ìrìn àjò yìí lókìkí. Ìkejì wà tí kò lókìkí, ti ọmọ ẹja. Nígbà tí òjò ìgbà ìwọ́wé bá bẹ̀rẹ̀, tí odò ńlá ń ru, coho tí kò tíì gùn ju ìka ọwọ́ lọ máa ń sá gòkè sínú àwọn ẹ̀ka odò wẹ́wẹ́ àti irà, láti forí pamọ́ síbẹ̀ títí òtútù á fi kásẹ̀ ńlẹ̀. Àgbà sámọ́nì lè fò sókè bí mítà kan, jù bẹ́ẹ̀ lọ pàápàá. Ọmọ yìí kò lè gbìyànjú rẹ̀. Nítorí náà, ibi tí ìyá kọjá láìwẹ̀yìn lè jẹ́ ògiri fún ọmọ, ẹni tó bá sì ń wá ìdínà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ fún wa ẹja wo ló ń sọ, àti ọjọ́ orí wo.

Bí a bá dárúkọ ìdínà, dáàmù ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Dáàmù ń dínà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀tá tó pọ̀ jù lọ kì í ga. Kọ́fátì ni, ihò roboto tàbí onígun mẹ́rin tí àwọn oníṣẹ́ títì ń fi kọ́ńkéré tàbí irin ṣe, kí odò lè gba abẹ́ ọ̀nà kọjá. Ẹni tó ṣe é kò ro ibi sí ẹnikẹ́ni. Omi ló rò: kí omi ṣáà ti kọjá, kí títì má wó. Ó wá fi páìpù tó tín-ín-rín ju odò lọ sí i kí owó má bàa pọ̀. Odò tó fẹ̀, tí wọ́n fún mọ́ inú páìpù, á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Inú páìpù á máa dán, kò ní sí òkúta tí ẹja lè sinmi lẹ́yìn rẹ̀. Níbi tí omi ti ń tú jáde, agbára rẹ̀ á máa gbẹ́ ilẹ̀. Lọ́dọọdún ni ilẹ̀ odò ń lọ sísàlẹ̀ sí i, ẹnu páìpù kò sì kúrò níbi tó wà, títí yóò fi so rọ̀ lókè tí omi á máa já bọ́ láti ẹnu rẹ̀. Bí ẹ̀rùn bá dé, omi inú rẹ̀ á fẹ́lẹ́ débi pé ẹ̀yìn ẹja á yọ síta. Igi wíwó àti pàǹtírí á tún wá dí ẹnu rẹ̀. Kọ́fátì kan ṣoṣo lè ní gbogbo àrùn wọ̀nyí pọ̀, ẹni tó ń wa ọkọ̀ kọjá lórí rẹ̀ kò sì ní mọ̀ pé odò kankan wà níbẹ̀.

Báwo ni páìpù abẹ́ títì ṣe wá dé iwájú adájọ́? Ní 1854 àti 1855, Isaac Stevens, tó jẹ́ gómìnà ilẹ̀ Washington nígbà náà, bá àwọn ẹ̀yà onílẹ̀ tó wà ní àgbègbè Puget Sound ṣe àdéhùn. Wọ́n yọ̀ǹda ilẹ̀, wọ́n sì di ẹ̀tọ́ wọn mú láti máa pẹja níbi gbogbo tí àwọn baba wọn ti ń pa á. Àdéhùn Medicine Creek, ti ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 1854, ló ṣíwájú. Nígbà tó yá, ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lé wọn kúrò létí odò. Billy Frank Jr., ọmọ ẹ̀yà Nisqually, jẹ́ ọmọ ọdún 14 nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ mú un ní 1945 nítorí pé ó pẹja. Ó lé ní ìgbà 50 tí wọ́n mú un láyé rẹ̀. Ní 1974, adájọ́ George Boldt dájọ́ pé ìdajì ẹja tó ṣeé pa jẹ́ ti àwọn ẹ̀yà tó ṣe àdéhùn.

Ìdajì kí ni, bí ẹja bá tán nínú odò? Ìbéèrè yìí ni àwọn ẹ̀yà 21, pẹ̀lú ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà lẹ́yìn wọn, gbé padà sílé ẹjọ́ ní 2001. Wọ́n ní bí ìpínlẹ̀ bá ń kọ́ ọ̀nà tó ń sé odò mọ́ ẹja, ńṣe ló ń gba ẹ̀yìn gba ohun tí àdéhùn fún wọn. Adájọ́ Ricardo Martinez gbà pẹ̀lú wọn ní 2007. Ní 2013 ó pàṣẹ fún ìpínlẹ̀ pé kó ṣí àwọn kọ́fátì rẹ̀ tó dí mítà 200 odò tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ mọ́ sámọ́nì, kó sì ti dá ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ibùgbé ẹja tó dí náà padà kí ọdún 2030 tó dé. Ìpínlẹ̀ pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn títí dé òkè. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún 2018, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ pín sí mẹ́rin-mẹ́rin, torí adájọ́ Anthony Kennedy yọ ara rẹ̀: ó ti dá sí ìpele kan nínú ẹjọ́ náà ní ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn. Bí ẹjọ́ bá ti pín bẹ́ẹ̀, ìdájọ́ ìsàlẹ̀ ló dúró. Mo sọ ìtàn yìí gùn díẹ̀ torí pé ó kọ́ni ní ohun tí ìwé àwọn ẹnjiníà kì í kọ: ìdínà kì í di ìdínà lójú ìjọba títí ẹni tó ni ẹja á fi pariwo.

Ó yá, ká wọ inú odò. Kí a tó ṣí ohunkóhun, a gbọ́dọ̀ mọ iye tó wà, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ìjọba ti ń tan ara wọn jẹ. Ní ilẹ̀ Yúróòpù, àwọn olùwádìí kó àkọsílẹ̀ orílẹ̀-èdè 36 jọ, wọ́n sì tún fẹsẹ̀ rìn nínú odò 147, tó jẹ́ kìlómítà 2,715 lápapọ̀. Ohun tí wọ́n fojú rí ju ohun tó wà nínú ìwé lọ fíìfíì. Ìṣirò tí wọ́n gbé jáde ní 2020 ni pé ìdínà tó wà nínú odò Yúróòpù kò dín ní mílíọ̀nù 1.2, ìdá 68 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni kò sì ga tó mítà 2. Dáàmù ńlá tí olórí ìjọba ń wá gé ríbọ́ọ̀nù fún kéré níye nínú wọn. Irú nǹkan kan náà ni wọ́n rí ní àgbègbè àwọn adágún ńlá tó wà láàrin Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ìwádìí kan ní 2013 ka dáàmù 7,091 níbẹ̀, ó sì ka ibi 268,818 tí títì ti kọjá lórí odò. Ìdá 36 péré nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ibi títì wọ̀nyẹn ni ẹja lè gbà kọjá láìsí wàhálà.

Nítorí náà ẹsẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Máàpù máa ń fi ibi tí títì ti pàdé odò hàn, ṣùgbọ́n kò lè fi hàn bóyá páìpù so rọ̀. Ní Washington, àwọn òṣìṣẹ́ á wọ bàtà rọ́bà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, wọ́n á máa gòkè. Níbi kọ́fátì kọ̀ọ̀kan, ohun mẹ́ta ni wọ́n kọ́kọ́ ń wọ̀n. Wọ́n á wo bí omi ṣe já bọ́ tó: bó bá tó sẹ̀ǹtímítà 24, ìdínà ni. Wọ́n á wo bí páìpù ṣe dagun sí: bí ìdagun náà bá tó ìdá 1 nínú ọgọ́rùn-ún, ìdínà ni. Wọ́n á fi ìbú páìpù wé ìbú odò: bí kò bá tó ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n á fura sí i gidigidi. Èyí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò bá dáni lójú ni wọ́n ń gbé lọ síbi ìṣirò jíjìnlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi eré omi àti jíjìn rẹ̀ wé ohun tí ẹja lè ṣe. Lẹ́yìn náà wọ́n á fún un ní máàkì: 0, 33, 67 tàbí 100, èyí ni bí ọ̀nà ṣe ṣí fún ẹja sí nínú ọgọ́rùn-ún.

Mo fẹ́ràn ìwọ̀n yìí torí pé ẹni tó ní téèpù àti ẹ̀rọ àwọn awọnlẹ̀ lè ṣe é lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan ṣoṣo ló ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Odò tí a wọ̀n nígbà ẹ̀rùn kì í ṣe odò tí ẹja ń bá pàdé lóṣù Kọkànlá. Iṣẹ́ náà kò sì tán síbi kọ́fátì. Wọ́n ní láti máa gòkè nìṣó, kí wọ́n wọn gígùn odò àti ìbú rẹ̀, kí wọ́n wo òkúta wẹ́wẹ́ àti òjìji igi, títí wọ́n á fi dé òṣòòrò omi tó ga ju mítà 3.7 lọ tàbí ibi tí odò ti parí. Òṣòòrò bẹ́ẹ̀ ti wà kí ẹnikẹ́ni tó dé, a kì í bá a jà. Ohun tó wà láàrin kọ́fátì àti òṣòòrò náà ni èrè tí a máa rí bí a bá ṣí ọ̀nà. Kọ́fátì burúkú mìíràn wà tí ohun tó wà lókè rẹ̀ kò ju gọ́tà lọ.

Wàyí o, ká ní a ti ní orúkọ ẹgbẹ̀rún ìdínà nínú ìwé. Èwo la máa kọ́kọ́ ṣí? Àwọn ará Washington ní ìṣirò kan tí wọ́n ti ń lò tipẹ́. Fún oríṣi ẹja kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wo bí ọ̀nà yóò ṣe là sí i tó, iye àgbà ẹja tí mítà onígun mẹ́rin kan nínú odò lè mú jáde, àti bí ibùgbé tó máa ṣí sílẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Wọ́n á fi ọ̀rọ̀ ìrìn àjò ẹja náà kún un, bóyá ẹ̀yà rẹ̀ ń tán lọ, àti owó tí iṣẹ́ náà máa jẹ. Ohun tó bá jáde á di máàkì kan. Wọ́n á wá to gbogbo ìdínà láti orí èyí tó gba máàkì jù.

Ó dà bíi pé ó tọ́. Àbùkù rẹ̀ ni pé ó ń fún kọ́fátì kọ̀ọ̀kan ní máàkì bí ẹni pé òun nìkan ló wà láyé. Ẹ fojú inú wo odò kan tó ní kọ́fátì mẹ́ta, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń jẹ́ kí ìdajì ẹja kọjá. Ẹja 1,000 wọlé láti òkun. 500 kọjá àkọ́kọ́, 250 kọjá èkejì, 125 dé òkè. Bí a bá ṣí èyí tó wà lókè pátápátá, 250 ló máa dé òkè. Bí a bá ṣí èyí tó wà nísàlẹ̀, 250 kan náà ló máa dé òkè, ṣùgbọ́n àwọn apá odò tó wà láàrin á rí ẹja ìlọ́po méjì. Owó lè jẹ́ iye kan náà, èrè kò rí bákan náà. Ká wá ní èyí tó wà nísàlẹ̀ dí pátápátá, tí kò jẹ́ kí ẹyọ kan kọjá: gbogbo owó tí a ná sórí méjì tó kù wọ omi lọ. Àwọn onímọ̀ méjì, O'Hanley àti Tomberlin, fi èyí hàn ní 2005: títo ìdínà ní ipò kìíní, kejì, kẹta, ká sì máa ṣí i bọ̀ láti òkè ìwé, máa ń fi owó ṣòfò. Àwùjọ ìdínà tó máa ṣiṣẹ́ pọ̀ ni kí a yàn.

Bí odò kan bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fojú inú wo ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Olùwádìí kan tó ń jẹ́ Neeson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìṣirò fún odò 661 tó ń ṣàn sínú àwọn adágún ńlá tí mo mẹ́nu bà, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2015. Bí gbogbo agbègbè bá jọ gbìmọ̀ pọ̀ dípò kí odò kọ̀ọ̀kan máa dá ti ara rẹ̀ ṣe, èrè owó kan náà á di ìlọ́po mẹ́sàn-án. Bí wọ́n bá sì kó owó jọ ná lẹ́ẹ̀kan dípò kí wọ́n máa fi díẹ̀díẹ̀ ná an lọ́dọọdún, èrè lè tó ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe bọ́jẹ́ẹ̀tì, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí kò lè dùn mọ́ yín. Ọdọọdún ni bọ́jẹ́ẹ̀tì, ẹkùn ìdìbò kọ̀ọ̀kan ló sì ń béèrè tirẹ̀.

Ibí yìí ni Washington ti há. Kọ́fátì ìpínlẹ̀ nìkan ni ilé ẹjọ́ bá wí, torí ìpínlẹ̀ nìkan ni wọ́n pè lẹ́jọ́. Ṣùgbọ́n odò kan náà ń gba abẹ́ títì ìjọba ìbílẹ̀, abẹ́ títì ìlú, abẹ́ ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin, àti ọ̀nà oko aládàáni kan tó ti pẹ́ tó ti kọ́ ọ. Ìpínlẹ̀ lè ná ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù dọ́là sórí afárá tuntun kan tó rẹwà, tí wọ́n jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ju odò lọ, ìlọ́po 1.2 ìbú odò pẹ̀lú ẹsẹ̀ bàtà 2 lórí rẹ̀, kí odò lè máa ṣàn nínú rẹ̀ pẹ̀lú òkúta rẹ̀ bí ẹni pé kò sí títì. Àmọ́ nísàlẹ̀ rẹ̀, kọ́fátì ẹlòmíràn ṣì so rọ̀. Ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní 2014 láti so iṣẹ́ gbogbo àwọn onítítì yìí pọ̀, èyí sì dára. Àṣẹ adájọ́ kò lè dúró dè wọ́n. Èrò tèmi ni pé adájọ́ kò ṣe àṣìṣe: láìsí gbèdéke ọdún 2030, kò sẹ́ni tó máa gbé ṣọ́bìrì. Ìyẹn kò ní kí odò mọ ààlà láàrin ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ìdínà ló yẹ kó lọ, ọ̀rọ̀ yìí sì máa ń bí àwọn olólùfẹ́ odò nínú. Nínú àwọn adágún ńlá, ẹja kan wà tí wọ́n ń pè ní sea lamprey, tí kò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, tó ń lẹ̀ mọ́ ara ẹja mìíràn láti mu ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ọ̀nà omi Welland tí èèyàn gbẹ́ ló gbà wọ àwọn adágún òkè, ó sì ba iṣẹ́ apẹja jẹ́ níbẹ̀. Ògiri àwọn dáàmù kan tó ti gbó ló ń dá a dúró kó má ráyè gun odò lọ yé ẹyin. Ẹni tó bá wó irú ògiri bẹ́ẹ̀ torí ẹja rere ti ṣílẹ̀kùn fún olè. Ẹ má sì gbàgbé pé ní etíkun Pàsífíìkì, ìbátan ẹja yìí wà tó jẹ́ ọmọ onílé níbẹ̀, oúnjẹ pàtàkì ni fún àwọn ẹ̀yà ìbílẹ̀. Ibi tí ẹja wà ló ń sọ bóyá àlejò tàbí onílé ni.

Ohun mìíràn tí máàkì kì í rí ni omi fúnra rẹ̀. Ó pẹ́ tí coho ti máa ń kú nínú àwọn odò tó wà láàrin ìlú ní Puget Sound lẹ́yìn òjò, kí wọ́n tó yé ẹyin, tí ẹnikẹ́ni kò sì mọ ohun tó ń pa wọ́n. Ní ìparí 2020, àwọn olùwádìí rí i: kẹ́míkà inú táyà ọkọ̀ tó ń jẹra lójú títì, tí òjò ń gbá wọ odò. Ẹni tó bá ṣí kọ́fátì sí irú odò bẹ́ẹ̀ láìṣe nǹkan kan sí àgbàrá títì, ó pe ẹja síbi ikú.

Nígbà mìíràn, yíyàn náà kò nira. Lórí odò Elwha, ní ìpínlẹ̀ Washington kan náà, wọ́n kọ́ dáàmù kan ní 1913, èkejì ní 1927. Èyí tó wà nísàlẹ̀ kò ju kìlómítà 8 lọ sí òkun, kò sì ní ọ̀nà ẹja kankan. Lókè àwọn méjèèjì, ó lé ní kìlómítà 110 odò, èyí tó pọ̀ jù nínú igbó ọba tí ẹnikẹ́ni kò dá oko sí. Ìdínà wà nísàlẹ̀, ibùgbé tó mọ́ wà lókè, ẹ̀yà Lower Elwha Klallam sì ti ń béèrè fún un tipẹ́. Wọ́n wó méjèèjì láàrin 2011 àti 2014. Sámọ́nì kò dúró de ìwé ìpè. Lórí odò Klamath, tó wà ní Amẹ́ríkà bákan náà, dáàmù mẹ́rin ni wọ́n wó tán ní 2024. Lóṣù Kẹwàá ọdún náà ni wọ́n ti rí sámọ́nì lókè ibi tí dáàmù tó wà nísàlẹ̀ jù wà tẹ́lẹ̀.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti fẹ́ béèrè ohun tó kan odò Ògùn nínú gbogbo èyí. Ó kàn án. Àrọ̀ wa kì í lọ sókun, ṣùgbọ́n tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, á jáde kúrò nínú odò lọ sí pápá tí omi bò, láti yé ẹyin sára koríko. Ẹni tó bá fi yẹ̀pẹ̀ gbé títì ga láàrin odò àti pápá yẹn, tó sì fi páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan ṣoṣo sábẹ́ rẹ̀, ti dínà fún un, bí kò tilẹ̀ fọwọ́ kan odò. Dáàmù Ọ̀yán tí wọ́n ṣí ní 1983, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Kọ́fátì abẹ́ ọ̀nà tó lọ sí abúlé yín ńkọ́? Àwọn apẹja àti àwọn obìnrin tó ń yan ẹja létí odò mọ ibi tí ẹja máa ń kó jọ sí lọ́dọọdún láìlè gòkè. Ibi tí ẹja bá ń kó jọ sí bẹ́ẹ̀, ìdínà kò jìnnà síbẹ̀. Ọ̀dọ̀ wọn ni kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tó ra ẹ̀rọ kankan.

Kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí odò ti wọ ọ̀sà, kí ẹ máa gòkè. Kí ẹ kọ orúkọ ẹni tó ni títì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n páìpù rẹ̀, torí ọjọ́ tí owó bá dé, orúkọ yẹn ló máa ṣòro jù láti rí. Àmọ́ ẹ má kó ìwọ̀n Washington wá bó ṣe wà. Sẹ̀ǹtímítà 24 jẹ́ ti ẹja tó ń fò. Epìyà kì í fò bẹ́ẹ̀, àrọ̀ sì lè wọ́ lórí ilẹ̀ tútù kó máa mí afẹ́fẹ́ níbi tí sámọ́nì yóò ti kú. Ẹja tiwa la gbọ́dọ̀ kó sínú omi tó ń sáré, ká wo èyí tó kọjá àti èyí tí kò lè kọjá, kí a tó fún kọ́fátì kankan ní máàkì.